Àwòrán Ń Rìn, Ohùn Kò Jáde: Ohun Tó Ń Pa Bùráúsà Lẹ́nu Mọ́ Lórí Láptọ́ọ̀pù Linux

Ìṣòro kan wà tó máa ń dààmú àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Linux lórí láptọ́ọ̀pù wọn. Wọ́n á ṣí fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán á máa rìn, ẹnu olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á máa là á máa pa dé, ṣùgbọ́n kò ní sí ìró kankan. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè títí yóò fi dé òpin, pàbó ni yóò já sí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé sípíkà ti bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló kàn. Wọ́n á tú ìdí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á pààrọ̀ sípíkà, onítọ̀hún á sanwó, yóò gbé e délé, yóò ṣí fídíò kan náà, kẹ́kẹ́ á tún pa.

Owó sípíkà nìkan kọ́ ni àdánù tó wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò fẹ́ náwó yóò pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, yóò sì tún Linux gbé sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ti tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì lè bá a lọ báyìí. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, sípíkà kò ṣẹ̀, Linux pàápàá kò bàjẹ́. Ibì kan ni ohùn ti há láàárín bùráúsà àti sípíkà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì ju pé kí èèyàn mọ ibi tó há sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn èèyàn púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ra: ó ń béèrè ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù Intel tí wọ́n ṣe ṣáájú 2017 kò sì sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Irú àwọn láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tòkúnbọ̀ tí àwọn èèyàn ń rà ní Computer Village, Ìkẹjà, àti láwọn ọjà mìíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni Linux, kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà díẹ̀ sì máa ń gbé e láìṣàárẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀ fi ń bá a nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lónìí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ohùn kì í ti inú bùráúsà bọ́ sínú sípíkà tààrà. Bí ẹni tó fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀ láàfin ni. Kò ní já wọlé tọ ọba lọ. Ẹmẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá, ẹmẹsẹ̀ á sọ fún ìjòyè, ìjòyè ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba. Bùráúsà, ì báà jẹ́ Firefox tàbí Chrome, yóò gbé ohùn fún alágbàtà kan. Lórí Linux tó ti pẹ́ díẹ̀, PulseAudio ni orúkọ alágbàtà yìí. Lórí ti ìsinsìnyí, PipeWire ni. Alágbàtà yóò kó ohùn gbogbo ètò tó ń dún lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, yóò pinnu ibi tí kálukú wọn ń lọ, yóò sì fà wọ́n lé ALSA lọ́wọ́. ALSA ni apá tó wà nínú kernel Linux gan-an, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀. Káàdì ohùn ló ń gbé e lọ sí sípíkà, tàbí sí íápíìsì, tàbí sínú wáyà HDMI tó lọ sára tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè dákẹ́, bí ọ̀kan bá sì ti dákẹ́, etí kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Linux ṣì kéré, ètò kan ṣoṣo ló sábà máa ń rí káàdì ohùn lò lẹ́ẹ̀kan. Bí orin bá ń lọ lọ́wọ́, ètò mìíràn tó bá fẹ́ fọhùn yóò ní sùúrù. Jaroslav Kysela, ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, ló bẹ̀rẹ̀ ALSA ní 1998, ó sì di ara kernel tí gbogbo ayé ń lò nígbà tí Linux 2.6 jáde ní oṣù kejìlá, 2003. Ní 2004, Lennart Poettering, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí alágbàtà tó wá di PulseAudio. Fedora 8 gbà á wọlé ní oṣù kọkànlá, 2007, Ubuntu 8.04 tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin, 2008. Ojú rí nǹkan nígbà yẹn, nítorí pé kò tíì gbó dáadáa nígbà tí wọ́n fà á lé aráyé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bú u, tí wọ́n sì yọ ọ́ dànù. Wim Taymans ti ilé-iṣẹ́ Red Hat ló ṣe PipeWire tó wá gba ipò rẹ̀: Fedora 34 fi í ṣe alágbàtà ohùn ní oṣù kẹrin, 2021, Ubuntu 22.10 ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá, 2022.

Ìtàn yìí kì í ṣe àfikún lásán, òun ló ń ṣàlàyé ìdí tí ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Ní oṣù kẹta, 2017, Firefox 52 jáde, Mozilla sì yọ ọ̀nà tí bùráúsà náà ń gbà bá ALSA sọ̀rọ̀ ní tààrà kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń pín. Láti ọjọ́ náà, PulseAudio nìkan ni Firefox ń gbé ohùn fún. Àwọn tí wọ́n ti fi ìbínú yọ PulseAudio dànù láti 2008 jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí i pé gbogbo ètò yòókù ń kọrin, Firefox nìkan ló yadi. Ẹni tó bá wá ojútùú lónìí ṣì lè kan ìwé tí wọ́n kọ ní 2010, tó ní kí ó yọ alágbàtà kúrò tàbí kí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì asound.conf. Kò yẹ kí èèyàn fọwọ́ kan irú rẹ̀. PipeWire ń gbọ́ èdè tí PulseAudio ń sọ, nítorí náà bùráúsà kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rárá, kò sẹ́ni tí yóò gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan: ṣé gbogbo láptọ́ọ̀pù ló dákẹ́ ni, àbí bùráúsà nìkan? Kí èèyàn fi VLC tàbí ètò mìíràn lu orin tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá dún, sípíkà ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn, káàdì ohùn bọ́, ALSA náà bọ́. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tú ìdí láptọ́ọ̀pù mọ́.

Ìbéèrè kejì ni bóyá bùráúsà ló lẹ́bi tàbí ojúlé tí èèyàn ń wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bùráúsà lè lu fáìlì orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà láìlo dátà rárá. Kí onítọ̀hún tẹ Ctrl pẹ̀lú O, kí ó mú fáìlì MP3 tàbí Ogg kan, orin náà yóò ṣí nínú táàbù. Ìdánwò yìí dára ju kí èèyàn máa ṣí fídíò lọ́tun-ún lósì lọ, pàápàá fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Bí orin náà bá dún nínú bùráúsà, ojúlé yẹn nìkan ni wàhálà wà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé bùráúsà mọ̀ọ́mọ̀ pa ojúlé náà lẹ́nu mọ́ ni. Láti Chrome 66 ti oṣù kẹrin, 2018, àti Firefox 66 ti oṣù kẹta, 2019, àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí fídíò ṣàdédé máa pariwo kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tó tẹ nǹkan kan lójú ìwé náà. Nítorí èyí, ojúlé mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ fídíò rẹ̀ láìlóhùn, títẹ àwòrán sípíkà tó wà nísàlẹ̀ fídíò náà ti tó. Bí èyí kò bá ràn án, kí èèyàn fi bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ orí táàbù. Nínú Chrome, ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni Mute site tàbí Unmute site, gbogbo ojúlé náà ni àṣẹ yìí sì ń mú, kì í ṣe táàbù kan ṣoṣo. Chrome kì í gbàgbé. Ojúlé tí èèyàn pa lẹ́nu mọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn yóò ṣì máa bá a yodi.

Bí fáìlì orí kọ̀ǹpútà náà kò bá dún nínú bùráúsà, tó sì ń dún nínú VLC, ọ̀dọ̀ alágbàtà ló kàn láti lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ sí jù. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ pavucontrol. Lórí Ubuntu, Mint àti Debian, àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé e wọlé ni sudo apt install pavucontrol; lórí Fedora, sudo dnf install pavucontrol. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà PulseAudio ni wọ́n ṣe é, ó ń bá PipeWire ṣiṣẹ́. Kí orin máa lọ lọ́wọ́ nínú bùráúsà kí èèyàn tó wo abala Playback, nítorí ètò tó bá ń lu nǹkan lọ́wọ́ nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti ṣí i nígbà tí nǹkan kan kò dún, tí wọ́n rí i pé ó ṣófo, tí wọ́n sì rò pé òun náà ti bàjẹ́.

Bí orúkọ bùráúsà bá wà níbẹ̀, kí èèyàn wò ó bóyá wọ́n ti tẹ àmì ìpanumọ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí wọ́n ti fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dé òdo. Bọ́tìnnì orí kíbọ́ọ̀dù kò lè ṣàtúnṣe èyí. Ohùn gbogbo kọ̀ǹpútà lápapọ̀ ni bọ́tìnnì yẹn ń gbé sókè, ìwọ̀n ti bùráúsà sì wà lọ́tọ̀. Alágbàtà a tún máa rántí ìwọ̀n tí wọ́n fi ètò kọ̀ọ̀kan sí. Ẹni tó pa Firefox lẹ́nu mọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan kí ọmọ tó ń sùn má bàa jí lè pa kọ̀ǹpútà náà, kí ó sì tàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, Firefox kò ní dún, nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù ń dún dáadáa. Àìsàn tó jọ ti bùráúsà ni, bẹ́ẹ̀ bùráúsà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò yọ Firefox kúrò, yóò tún un gbé wọlé, kò sì ní yàtọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ alágbàtà ni ìrántí náà wà.

Ohun kejì tó yẹ kí èèyàn wò nínú abala yẹn ni ibi tí wọ́n darí ohùn bùráúsà sí. Ẹni tó so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí pròjẹ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú lè rí i lọ́jọ́ Ajé pé ohùn ṣì ń lọ sínú HDMI tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Íápíìsì Bluetooth burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwàásù lè máa dún geere nínú íápíìsì tó wà nínú àpò ní yàrá kejì, kí ẹni tó jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù máa bú sípíkà. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ bùráúsà nínú Playback ni wọ́n ti ń yan ibi tí ohùn rẹ̀ yóò gbà. Bí sípíkà láptọ́ọ̀pù kò bá sí lára àwọn tí wọ́n lè yàn, abala Configuration ni kí èèyàn wò, kí ó yan Analog Stereo Duplex fún káàdì ohùn inú láptọ́ọ̀pù.

Bí orúkọ bùráúsà kò bá tilẹ̀ hàn nínú Playback nígbà tí orin ń lọ, a jẹ́ pé òun àti alágbàtà kò rí ara wọn. Alágbàtà náà lè ti dákú. Àṣẹ pactl info yóò fi hàn bóyá PulseAudio ló wà nídìí iṣẹ́ tàbí PipeWire, ìlà tí wọ́n kọ Server Name sí ni kí èèyàn wò. Fún PipeWire, àṣẹ tí yóò jí i dìde ni systemctl --user restart wireplumber pipewire pipewire-pulse. Fún PulseAudio, pulseaudio -k ti tó, nítorí yóò padà dìde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn pa bùráúsà pátápátá kí ó tó tún un ṣí.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi sudo ṣáájú àwọn àṣẹ méjèèjì yìí, kí ó dáwọ́ dúró. Ti oníkálukú ni alágbàtà ohùn, kì í ṣe ti ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń pè ní root. Bákan náà ni ẹni tó bá fi sudo ṣí bùráúsà kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí kò bá dún: orúkọ ẹlòmíràn ni bùráúsà náà ń jẹ́ lákòókò yẹn, alágbàtà kò sì mọ̀ ọ́n rí. Àṣà fífi sudo sí gbogbo àṣẹ tí kò bá ṣiṣẹ́ lè da kọ̀ǹpútà rú.

Ubuntu ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 22.04 tó jáde ní oṣù kẹrin, 2022, inú àgánrándì tí wọ́n ń pè ní Snap ni Firefox wà lórí rẹ̀, ó sì nílò ìyọ̀ǹda kí ó tó lè bá alágbàtà sọ̀rọ̀. Ìyọ̀ǹda yìí sábà máa ń wà láìbéèrè. Àṣẹ snap connections firefox yóò fi í hàn: bí àmì ìfàlà nìkan bá wà níwájú audio-playback, ìyọ̀ǹda ti já, sudo snap connect firefox:audio-playback ni yóò so ó padà. Ibí yìí, sudo tọ́ sí i.

Ó ku ọ̀kan tó ṣọ̀wọ́n. Bí fáìlì Ogg bá dún nínú bùráúsà, tí fídíò MP4 sì kọ̀, irú ìdì ohùn tó wà nínú fídíò náà ni bùráúsà kò lè tú. Àwọn ẹ̀yà Linux kan kì í kó gbogbo irinṣẹ́ ìtúdìí yìí mọ́ra nítorí òfin ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣe é. Firefox sì gbọ́kàn lé FFmpeg tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà láti tú AAC. Ìdí nìyẹn tí YouTube fi lè dún, nítorí Opus ló sábà ń lò, kí ojúlé ilé-ẹ̀kọ́ kan sì dákẹ́.

Gbogbo èyí dá lórí pé bùráúsà nìkan ló yadi. Bí VLC náà kò bá dún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bùráúsà, ìsàlẹ̀ ló kàn. Kí èèyàn tẹ alsamixer nínú Terminal, kí ó tẹ F6 láti yan káàdì ohùn inú láptọ́ọ̀pù. Òpó tí wọ́n bá kọ MM sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́, lẹ́tà M ni yóò sì ṣí i. Àwọn káàdì kan tún ní Auto-Mute Mode, tó ń pa sípíkà nígbàkigbà tí íápíìsì bá wà lójú ihò. Bí ìdọ̀tí bá wọ ihò náà, láptọ́ọ̀pù á rò pé íápíìsì wà níbẹ̀ títí láé. Kí wọ́n ki íápíìsì bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, tàbí kí wọ́n pa Auto-Mute Mode náà.

Bí ibi tí wọ́n ti ń yan sípíkà bá ń fi Dummy Output nìkan hàn, alágbàtà ń sọ pé òun kò rí káàdì ohùn kankan. Lórí láptọ́ọ̀pù Intel tó jáde láti nǹkan bí 2019, firmware ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé sínú ṣíìpù ohùn kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Sound Open Firmware ni orúkọ ti Intel, firmware-sof-signed sì ni Debian àti Ubuntu ń pè é. Debian tó ṣáájú 12 ti oṣù kẹfà, 2023, kì í fi irú rẹ̀ sínú ohun tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ń lo ti àtijọ́ yóò wá a fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó sípíkà, ìdánwò kan ṣì wà tí kò gba kọ́bọ̀ lẹ́yìn fúláàṣì. Kí wọ́n gbé Linux tuntun sórí fúláàṣì náà, kí wọ́n sì tan láptọ́ọ̀pù láti orí rẹ̀ láìgbé e wọnú kọ̀ǹpútà. Kò ní fọwọ́ kan fáìlì kankan. Bí ohùn bá jáde níbẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà ló nílò àtúnṣe, sípíkà kò ṣe nǹkan kan. Bí íápíìsì bá ń dún lórí fúláàṣì náà àti lórí Linux tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, tí sípíkà sì dákẹ́ lórí méjèèjì pẹ̀lú Auto-Mute Mode ní pípa, ìgbà yẹn gan-an ló tọ́ kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, kí wọ́n sì sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ wo okùn tó so sípíkà mọ́ bọ́ọ̀dù kí ó tó pààrọ̀ ohunkóhun.